Ẹ béèrè ìyá fíìmù kẹ́ ẹ tó sanwó 4K

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ fọkàn yàwòrán bàbá kan l'Ọ̀fà. Ká sọ pé ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ilé rẹ̀ ò sì jìnnà sí téṣàn. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní London wálé ọdún, ó gbé tẹlifíṣàn kan bọ̀ tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń lo àwo tí wọ́n ń pè ní 4K. Wọ́n kan tẹlifíṣàn mọ́ ògiri pálọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọ àdúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà. Fíìmù òyìnbó kan lọmọ kọ́kọ́ fi sí i. Háà! Àwòrán mọ́ débi pé èèyàn lè ka irun àgbọ̀n òṣèré. Inú bàbá dùn, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Wá fi Ògúndé sí i fún mi wàyí, kí n tún rí i bí mo ṣe rí i nígbà tí wọ́n gbé fíìmù rẹ̀ wá."

Ọmọ yọ fúláàṣì kan jáde nínú àpò. Ẹnì kan ló tà á fún un, ó ní Aiyé ti Ògúndé ló wà nínú ẹ̀, ó sì fi bírò kọ "4K" gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Òkùnkùn ṣú bo pálọ̀. Àwọn àjẹ́ ń ṣèpàdé lóru, ṣùgbọ́n ojú wọn ò yàtọ̀ sí ti ògiri. Aṣọ pupa ti di àwọ̀ bíríkì, ilà funfun ń gba àárín àwòrán kọjá lọ kọjá bọ̀.

"Ṣé tẹlifíṣàn yìí ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ má bínú, tẹlifíṣàn kọ́."

"Ta wá ni?"

Ìbéèrè gidi ni bàbá yìí béèrè, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń náwó láì rí ìdáhùn sí i. Wọ́n á ra tẹlifíṣàn tuntun, wọ́n á ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n á tún san owó fún ẹni tó ní òun yóò sọ fíìmù àtijọ́ di 4K, nígbẹ̀yìn, àwòrán náà ni yóò ṣì máa ṣú dùdù. Ẹ̀bi ò sí lọ́rùn tẹlifíṣàn, kò sì sí lọ́rùn àwo. Ìyá tó bí àwòrán yẹn lẹ bá máa bi léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn onífíìmù ń pè é ní másítà.

Ẹni tó bá ti ṣe fọ́tòkópì rí nítòsí géètì Poli Ọ̀fà á tètè mọ ohun tá a ń wí. Tẹ́ ẹ bá gbé ojúlówó ìwé ẹ̀rí yín sórí ẹ̀rọ, kópì tẹ́ ẹ máa gbà á mọ́ kedere. Ẹ wá gbé kópì yẹn lọ ṣe kópì mìíràn, lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sanra nìyẹn. Tó bá fi máa di ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, òǹtẹ̀ ilé ìwé ti di àbàwọ́n dúdú, ojú yín nínú fọ́tò á sì dà bí ojú ẹni tí wọ́n ń wá. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé kẹ́ ẹ lọ wá ẹ̀rọ fọ́tòkópì olówó ńlá tó dé láti Jàpáànù. Àbàwọ́n yẹn náà ni ẹ̀rọ olówó ńlá á bá yín yà, á sì yà á dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fíìmù rí. Nígbà tí wọ́n ṣì ń fi fíìmù ayé àtijọ́ yàwòrán, ohun tó bá ti inú kámẹ́rà jáde tí wọ́n sì fọ̀ ní láàbù ni nẹ́gẹ́tíìfù, irú èyí tí àwọn fọtógíráfà wa máa ń gbé sókè síbi iná kí wọ́n lè mọ àwòrán tó wà lára rẹ̀. Òun ni ìyá. Láàbù kì í fẹ́ kí ìyá ṣe wàhálà púpọ̀, torí náà wọ́n á ti ara rẹ̀ ya ọmọ kan tí wọ́n á tọ́jú, wọ́n á ti ara ọmọ yẹn ya nẹ́gẹ́tíìfù kejì, ara nẹ́gẹ́tíìfù kejì yìí ni wọ́n á sì ti máa ya àwọn kópì tó ń lọ sílé sinimá. Ẹ ò rí i pé kópì tí wọ́n ń gbé kiri ìlú ti di ọmọ ọmọ-ọmọ? Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣe ọ̀kan láti ara èkejì, díẹ̀ máa ń dín nínú bí àwòrán ṣe mú tó, ibi tó ṣókùnkùn á túbọ̀ ṣókùnkùn, ibi tó funfun á túbọ̀ funfun. Ẹni tó bá wá gbé kámẹ́rà fídíò síwájú aṣọ sinimá tó fi ka kópì yẹn sórí káṣẹ́ẹ̀tì, tí ẹlòmíràn ka káṣẹ́ẹ̀tì náà sórí káṣẹ́ẹ̀tì mìíràn, tí ẹnì kẹta sọ ọ́ di VCD, ẹ bá wa ka ìran tó ti kọjá. Orí irú VCD bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó kọ "4K" sára páálí ti lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò tì í lẹ́yìn, torí owó lẹ fẹ́ ná. Gbogbo àwòrán orí tẹlifíṣàn, àmì wínníwínní ló para pọ̀ di í, bí ìgbà téèyàn fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọnà. Àwo 4K, tó dé ọjà àgbáyé lọ́dún 2016, gba àmì 3,840 ní ìbú àti 2,160 ní òró. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ọ̀nà ara wọn, ó lé ní mílíọ̀nù 8. DVD tá a mọ̀ nílẹ̀ yìí, 720 lọ́nà 576 ni, ìyẹn 414,720 péré. Ẹ fi èyí pín tọ̀hún, 20 ló máa bọ́ sí. VCD tó gba gbogbo ìgboro lẹ́yìn ọdún 2000, 352 lọ́nà 288 ni. Tiẹ̀ ò tó ọ̀kan nínú 80.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá mú DVD tó sì ní òun sọ ọ́ di 4K, nínú àmì 20 tẹ́ ẹ ń wò, ẹyọ kan ló ti ọwọ́ kámẹ́rà wá. Mọ́kàndínlógún yòókù, ẹ̀rọ ló méfò rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ní ó jọ pé báyìí ló ṣe yẹ kó rí. Tó bá jẹ́ VCD ló mú, àfi kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí àfikún. Ojú Ògúndé kọ́ lẹ ń wò mọ́, ohun tí kọ̀ǹpútà rò nípa ojú Ògúndé ni.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá o. Àwọn òyìnbó tó ni ẹ̀rọ náà, ó ń kọ lù wọ́n. Lawrence of Arabia, fíìmù ọdún 1962, orí fíìmù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ 65mm ni wọ́n yà á sí, wọ́n sì tọ́jú nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀. Nígbà tó pé 50 ọdún lọ́dún 2012, wọ́n padà sí ara nẹ́gẹ́tíìfù yẹn, wọ́n kà á sínú kọ̀ǹpútà ní ìwọ̀n 8K, wọ́n tún un ṣe. Nígbà tó fi máa bọ́ sórí àwo 4K lọ́dún 2020, yanrìn aṣálẹ̀ inú rẹ̀, ó kù díẹ̀ kéèyàn gbọn ọ́n dànù lára aṣọ. Bẹ́ẹ̀, arúgbó fíìmù ni.

Ẹ wá wo 28 Days Later tí Danny Boyle ṣe lọ́dún 2002, ogójì ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Fíìmù tó pa owó wọlé ni, ṣùgbọ́n kámẹ́rà Canon XL1, tó ń lo káṣẹ́ẹ̀tì MiniDV kékeré, irú èyí táwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó nílẹ̀ yìí náà lò, ni wọ́n fi ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Apá ìparí nìkan ni wọ́n fi fíìmù 35mm gidi yà. Ẹni tó bá wò ó títí á rí i pé àwòrán ṣàdédé là nígbà tí fíìmù fẹ́ẹ́ parí, bí ẹni pé wọ́n nu gíláàsì ojú fèrèsé. Kò sí àwo tí wọ́n lè kó o sí tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á fi mọ́ bí ìparí rẹ̀. Ohun tí kámẹ́rà ò bá rí, kò sẹ́ni tó lè bá a rí i.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ìyá fi máa ń kéré. Láti bí ọdún 2000, nígbà tí O Brother, Where Art Thou? di fíìmù ńlá Hollywood àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún gbogbo àwọ̀ rẹ̀ ṣe látòkèdélẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù tán, wọ́n á kà á sínú kọ̀ǹpútà ní ìwọ̀n 2K, inú kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n á sì ti parí iṣẹ́. Àwòrán idán, iná tó ń jó, ọkọ̀ tó ń fò, gbogbo ẹ̀, ìwọ̀n 2K ni wọ́n ṣe é. Másítà wọn nìyẹn. Nígbà tí 4K wá dé, wọ́n kàn fẹ̀ ẹ́ ni. Torí náà, fíìmù ọdún 1962 lè na fíìmù ọdún 2005 mọ́lẹ̀ lórí àwo kan náà, bí ọmọ Ọ̀fà ṣe ń da èèyàn lágbo ìjàkadì.

Àwọn kan wà tí ìyá tiwọn dáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n fi àtíkè ba ojú rẹ̀ jẹ́. Fíìmù ayé àtijọ́ ní àwọn hóró wínníwínní kan tó máa ń mì lójú àwòrán. Kì í ṣe ìdọ̀tí, ara fíìmù gan-an ni, inú hóró yẹn ni àwòrán wà. Àwọn kan rò pé ó yẹ kó dán bí abọ́ tánganran, wọ́n á fi kọ̀ǹpútà fọ hóró dànù, ihò ara, irun ojú àti ìlà iwájú orí á sì bá a lọ. Nígbà tí Terminator 2 jáde lórí àwo 4K lọ́dún 2017, ohun táwọn oníbàárà sọ ni pé ojú Arnold Schwarzenegger ti di ojú bèbí oníke. Ọdún 2024 ni ti True Lies, fíìmù ọdún 1994 tí James Cameron kan náà ṣe. Kọ̀ǹpútà onílàákàyè ni wọ́n fi tún èyí ṣe, ariwo sì sọ, torí ibòmíràn nínú ẹ̀ dà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín tí wọ́n fi atíké nípọn bí ògiri kùn lójú. Owó ńlá ni wọ́n ná o. Ìyá wà nílé, wọn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà wálé.

Ògúndé gbé Aiyé jáde lọ́dún 1979, Jáiyésinmi tẹ̀ lé e lọ́dún 1980, Àrópin N'Tènìà lọ́dún 1982, Àyànmọ́ lọ́dún 1988. Kwara náà ò kẹ̀yìn. Ọmọ Agbamu ni Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé ń pè ní Adé Lọ́fù, Ìpínlẹ̀ Kwara kan náà tí Ọ̀fà wà ni Agbamu wà. Òun ni òléwájú òṣèré nínú Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun ṣe lọ́dún 1976, kó tó di pé ó gbé Ìjà Òmìnira tiẹ̀ jáde lọ́dún 1979, lẹ́yìn náà Kádàrá, Ìjà Orogún, Taxi Driver àti Ìyá Ni Wúrà. Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá, gbé Ọ̀run Móoru jáde lọ́dún 1982. Fíìmù ni gbogbo ìwọ̀nyí, fídíò kọ́.

Ohun táwọn èèyàn ò mọ̀ nìyí: bí nẹ́gẹ́tíìfù fíìmù 35mm bá wà ní àlàáfíà, ohun tó wà lára rẹ̀ tó nǹkan tí àwo 4K lè gbé. Kódà, òkùnkùn tó bo ìpàdé àwọn àjẹ́ inú Aiyé lórí àwọn kópì tó ń rìn kiri, kì í ṣe dandan pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nígbà tí wọ́n yà á. Nẹ́gẹ́tíìfù máa ń gba ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn mọ́ra ju kópì sinimá lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ka ìyá gan-an sínú kọ̀ǹpútà lè rí ojú èèyàn níbi tí káṣẹ́ẹ̀tì ti ń fi èédú hàn wá. Bàbá wa tó wà l'Ọ̀fà yẹn ò purọ́ nígbà tó ní òun rí Ògúndé dáadáa nígbà náà. Ó rí i.

Ibo wá ni ìyá wà? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ya fíìmù ní Nàìjíríà, òkè òkun ni yóò kó o lọ fọ̀, London sì ni èyí tó pọ̀ jù ń lọ. Láàbù á fọ̀ ọ́, á ya kópì mélòó kan fún oníṣẹ́, nẹ́gẹ́tíìfù á sì máa wà lọ́dọ̀ láàbù torí ibẹ̀ tutù, àti torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa nílò rẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ ya kópì mìíràn. Oníṣẹ́ á kó kópì sínú búùtù, òun fúnra rẹ̀ á máa gbé e láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé ilé ìwé, á dúró ti géètì kí wọ́n má baà jí owó tíkẹ́ẹ̀tì kó. Kópì yẹn kan náà lónìí l'Ọ̀fà, lọ́la n'Ílọrin, lọ́tùn-ún ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rọ ń ha á, ooru ń jó o, tó bá já, wọ́n á gé ibi tó já dànù, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ogún ọdún sí i, ọgbọ̀n ọdún sí i, Ògúndé ti lọ lọ́dún 1990, Adé Lọ́fù lọ lọ́dún 1996, Bàbá Sàlá lọ lọ́dún 2018. Ọ̀pọ̀ láàbù fíìmù tó wà ní London ti ti ilẹ̀kùn pa nígbà tí kámẹ́rà kọ̀ǹpútà gbajọba. Agolo fíìmù tí kò bá sẹ́ni tó ń bi í léèrè, ta ni yóò máa san owó àyè rẹ̀?

Ti Bàbá Sàlá tún wá burú jù. Ó yá owó láti ṣe Ọ̀run Móoru. Kó tó rí i dá padà, àwọn tó ń jí fíìmù ti sọ ọ́ di káṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri. Gbèsè wọ ọkùnrin náà lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni pé ọmọ káṣẹ́ẹ̀tì ayédèrú tó tà á ní jàǹbá yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò tí wọ́n sì ń pè ní Ọ̀run Móoru títí dòní.

Ìgbà tí SAP tún dé lọ́dún 1986, náírà ṣubú, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ra fíìmù, dọ́là ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Àwọn onítíátà wa ò jókòó ṣẹ́wọ́ lẹ́rán. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo fíìmù kékeré 16mm kan tí wọ́n ń pè ní reversal, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn fi ń ya ìròyìn. Ó dín owó kù, torí kò ní nẹ́gẹ́tíìfù rárá. Ohun tó ti inú kámẹ́rà jáde gan-an ni wọ́n ń fọ̀ tí wọ́n sì ń gbé sórí ẹ̀rọ fún èèyàn wò. Ẹ tún un gbọ́: ìyá fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gbé kiri ìlú. Gbogbo ilà tí ẹ̀rọ bá fà sí i lára, ara ìyá ló fà á sí. Tó bá já tí wọ́n gé e, ibi tí wọ́n gé lọ nìyẹn, kò sí òmíràn níbì kankan. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn wọn o, ẹni tébi ń pa kì í fi iṣu sílẹ̀ fún èbù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fídíò gba gbogbo ẹ̀. Kenneth Nnebue ṣe Àjẹ́ Ni Ìyá Mi lọ́dún 1989, ó ṣe Living in Bondage lọ́dún 1992, ọjà sì ṣí. Túndé Kèlání gbé Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde lọ́dún 1993, Ṣaworoidẹ lọ́dún 1999. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá di ti àwo 4K, másítà fídíò ìgbà náà ò lè kọjá ìlà 576. Tẹ́ ẹ bá bá másítà tí wọ́n lò ní sítúdíò gan-an, ẹ máa rí àwòrán tó tu ojú lára, tó sì ju VCD tẹ́ ẹ ní nílé lọ dáadáa. 4K gidi kọ́ ni yóò jẹ́. Ìdí nìyí tí fíìmù Adé Lọ́fù ti ọdún 1979, bí nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ bá wà lọ́wọ́, ṣe lè mọ́lẹ̀ ju èyíkéyìí nínú fídíò ọdún 1999 lọ. Ọmọ rẹ̀, Kúnlé Afọláyan, ṣe Aníkúlápó lọ́dún 2022 fún Netflix, ilé iṣẹ́ tó máa ń fi dandan lé e pé kámẹ́rà 4K ni kí wọ́n fi ya fíìmù òun. Bàbá àti ọmọ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ríra lórí tẹlifíṣàn kan náà. Fídíò tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni kò ní lè bá wọn dé ibẹ̀.

Ẹnì kan á ní, ṣebí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán, kí la tún ń wá? Kò tíì bàjẹ́ tán. Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe lọ́dún 1976 láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa, ọ̀pọ̀ ló ti gbà pé ó ti sọnù. Inú ilé ìpamọ́ fíìmù ìjọba àpapọ̀ ní Jos ni wọ́n ti padà rí i. Àwọn ará Arsenal ní Berlin bá wọn dá sí i, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé e sójú aṣọ níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin lọ́dún 2018. Inú agolo ló wà ní gbogbo àsìkò tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ní Senegal, Djibril Diop Mambéty ṣe Touki Bouki lọ́dún 1973. Ó kú lọ́dún 1998. Ọmọ rẹ̀ ló gbé nẹ́gẹ́tíìfù àwòrán àti ti ohùn kalẹ̀, ilé iṣẹ́ Bologna ní Ítálì sì fi tún fíìmù náà ṣe lọ́dún 2008, pẹ̀lú owó àjọ tí Martin Scorsese dá sílẹ̀. Ẹni tó bá wò ó báyìí, àwọ̀ rẹ̀ ń tàn bí aṣọ tuntun. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ àwọn ará Ítálì ju tẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ ló mọ ibi tí agolo bàbá òun wà.

Agolo náà kì í sì í dúró dèèyàn títí ayé. Fíìmù àtijọ́ tó bá wà nínú ooru àti ọ̀rinrin, kẹ́míkà ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹ ó gbọ́ òórùn kíkan bíi ti fínígà tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí. Á súnkì, á ká kò, á máa gan bí awọ gbígbẹ. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ṣeé dá padà, títutù ló lè mú un falẹ̀. Àwọ̀ náà máa ń lọ, àwọ̀ búlúù àti gíríìnì á kọ́kọ́ sá, gbogbo rẹ̀ á di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ooru oṣù kẹta l'Ọ̀fà lábẹ́ páànù, ẹ fọkàn sí ohun tó ń ṣe fún agolo tó ti wà lórí àjà láti ọdún 1985.

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má ní fíìmù kankan nílé. Ṣùgbọ́n káṣẹ́ẹ̀tì ìsìnkú Màmá Àgbà ńkọ́? Tàbí ti ìgbéyàwó yín lọ́dún 1994? Àwọn tó ń sọ káṣẹ́ẹ̀tì di fúláàṣì pọ̀ kiri, iṣẹ́ tó dáa ni, àmọ́ àwọn kan á ní bí ẹ bá fowó lé e, àwọn á sọ ọ́ di 4K. Owó yẹn, ẹ fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Káṣẹ́ẹ̀tì VHS ò gbé ju nǹkan bí ìlà 240 tó mọ́ lọ. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni pé: ṣé káṣẹ́ẹ̀tì tó wà nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó yà á, àbí kópì kópì ni tiwa yìí? Ẹ wá a kàn. Bó ti wulẹ̀ kí eruku bò ó tó, ó ju èyí tí wọ́n pín fún ẹbí lọ. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí ẹfun lára téèpù, ó ti bu nìyẹn, ẹ má kì í bọ inú ẹ̀rọ, torí á ba orí ẹ̀rọ jẹ́, ẹ̀rọ á sì fà á ya. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á kọ́kọ́ nù ún. Ẹ ní kó kà á sílẹ̀ ní ìwọ̀n tó wà, láì fẹ̀ ẹ́, láì fún un pọ̀. Lẹ́yìn tó bá ṣe tán, ẹ gba káṣẹ́ẹ̀tì yín padà. Àìmọye èèyàn ló ti ju ìyá nù torí pé ọmọ ti wà lórí fúláàṣì, tí fúláàṣì sì kú lọ́dún kejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan tẹlifóònù ọwọ́ yín náà. Fóònù tuntun ń ya 4K gidi, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti fi fídíò ìsọmọlórúkọ ránṣẹ́ sí ẹbí lórí WhatsApp, tẹ́ ẹ wá pa á rẹ́ lórí fóònù kí àyè lè wà, èyí tó kù lọ́wọ́ ẹbí ti rù kan eegun. WhatsApp máa ń fún un pọ̀ kó lè tètè lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dé bó ṣe wà, ẹ fi ránṣẹ́ bí ìgbà tẹ́ ẹ ń fi ìwé ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì da ojúlówó rẹ̀ sórí nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ti ẹ̀yin ọmọ onítíátà, ẹ̀yin ọmọ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ sinimá jẹun láyé ọjọ́un, l'Ọ̀fà, l'Ágbamu àti níbi gbogbo: bẹ́ ẹ bá rí agolo fíìmù nínú yàrá bàbá yín, ẹ má tú u sílẹ̀ láti fi han ọmọdé, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má tà á fún oní-irin àtijọ́. Ẹ kọ orúkọ fíìmù àti nọ́ńbà tó wà lára agolo sínú ìwé. Ẹ wá risíìtì láàbù London nínú àwọn ìwé bàbá yín, torí bébà yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó lè júwe ibi tí nẹ́gẹ́tíìfù wà, tó sì fi hàn pé tiyín ni. Ẹ gbé agolo síbi tó tutù jù lọ tó sì gbẹ jù lọ nínú ilé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kàn sí ilé ìpamọ́ fíìmù ní Jos, kí òórùn fínígà tó bẹ̀rẹ̀.